Kọ́kọ́ Yà Á Ná: Bí Gareth Edwards Ṣe Ti Inú Yàrá Rẹ̀ Dé Hollywood

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin kan ń wo àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n wọn bọ̀ látinú omi. Àwọ̀n náà wúwo. Wọ́n ń fà á, kò fẹ́ wá. Ẹlòmíràn á ní ẹja ọjọ́ yẹn mà pọ̀ o. Ohun tí ọkùnrin yìí ń rò yàtọ̀: tó bá jẹ́ ẹ̀dá abàmì ló wà nínú àwọ̀n yẹn ńkọ́? Tí àwọn apẹja náà ò sì tún bẹ̀rù rẹ̀ mọ́, tí wọ́n kàn ń fà á bí iṣẹ́ òòjọ́, torí pé ẹ̀dá abàmì ti di ohun tí ojú wọn ń rí lójoojúmọ́?

Gareth Edwards lorúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ọdún 1975 ni wọ́n bí i ní ìlú Nuneaton. Èrò orí omi yẹn ló di fíìmù Monsters lọ́dún 2010. Owó tí wọ́n ná lé e lórí kò tó ìdajì mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tó fi máa di ọdún 2014, fíìmù míì tó darí ti jáde: Godzilla, ìtàn ẹranko abàmì ràgàjì kan tí àwọn ará Japan dá sílẹ̀, tí wọ́n ná mílíọ̀nù 160 dọ́là lé lórí.

Báwo lèèyàn ṣe ń fò láti ọ̀hún dé ibí? Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ó mọ bí a ṣe ń ṣe fíìmù lówó pọ́ọ́kú. Mi ò rò pé ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ wà. Àwọn tó ń ṣe fíìmù lówó pọ́ọ́kú pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ti Edwards wà nínú ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣe, àti ohun tó máa ń fi sẹ́yìn. Ẹ fọkàn bá mi lọ, ẹ máa rí i.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ VFX ná, kó má baà dà bí ẹni pé èdè awo la ń sọ. VFX ni gbogbo ohun tí ẹ rí nínú fíìmù tí kámẹ́rà ò bá níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ya á, tó jẹ́ pé ẹnì kan ló fi kọ̀ǹpútà kì í bọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Tí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, ọkàn wa máa ń lọ sí dírágónì àti ilé tó ń bú gbàù. Ṣùgbọ́n nínú Monsters, èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe ẹranko rárá. Pátákó ojú ọ̀nà ni, tó ń kìlọ̀ pé ẹ má kọjá ibí yìí. Wáyà ni. Hẹlikópítà ni, ọkọ̀ ológun ni. Ẹranko fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ lójú wa rárá kó tó pòórá. Àwọn pátákó yẹn ni wọ́n ń bà wá lẹ́rù dè é.

Níbo ló ti kọ́ ọ? Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fíìmù ní Farnham, ó jáde lọ́dún 1996. Níbi tó ń gbé nígbà náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán tó ń rìn. Edwards wò ó, ojú rẹ̀ là. Òun náà wá kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó jókòó tì í nínú yàrá tó ń sùn. Lójú tirẹ̀, fíìmù ńlá kò ní pẹ́ jáde nínú yàrá yẹn. Fíìmù ò jáde. Ohun tó jáde ni iṣẹ́ VFX fún àwọn ẹlòmíràn, pàápàá àwọn ètò tẹlifíṣọ̀n tí BBC ń ṣe nípa ìtàn àtijọ́ àti nípa àjálù. Láti 1996 dé 2010, ẹ ka ọdún rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá ń pè é ní ẹni tó gòkè lójijì kò ka ọdún yẹn mọ́ ọn.

Ní 2008, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, BBC gbé eré nípa Attila, ọba àwọn Hun, fún un. Òun ló darí rẹ̀, òun náà ló tún jókòó ṣe VFX inú rẹ̀. Èkejì, ó wọ ìdíje kan tí Sci-Fi London, àjọ̀dún fíìmù kan ní London, ṣe, níbi tí wákàtí 48 péré wà láti bẹ̀rẹ̀ fíìmù kékeré kan kẹ́ ẹ sì parí rẹ̀. Ó gba ipò kìíní. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé-iṣẹ́ Vertigo Films gbé owó kalẹ̀ fún un láti ṣe Monsters.

Wàyí o, ibi tí mo fẹ́ ká jókòó sí nìyí.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe fíìmù abàmì. Wọ́n á kọ ìwé eré tán. Àwọn ayàwòrán á ya ìlú náà, wọ́n á ya ẹranko náà, wọ́n á ya gbogbo ìran tó ṣe kókó sórí ìwé tàbí sínú kọ̀ǹpútà. Káfíńtà á kan ilé èké. Ibi tí ilé èké bá parí sí, wọ́n á ta aṣọ aláwọ̀ ewé ràgàjì síbẹ̀. Òṣèré á dúró síwájú aṣọ yẹn, á máa wo bọ́ọ̀lù tẹníìsì tí wọ́n fi igi gbé sókè, á sì máa sá fún un bíi pé ikú ló ń bọ̀. Kí wọ́n tó tan kámẹ́rà rárá, gbogbo ìpinnu ti wà nílẹ̀, owó sì ti wọlé sínú ìpinnu kọ̀ọ̀kan. Tí olùdarí bá wá yí ọkàn padà lẹ́yìn ìyẹn, gbèsè ni.

Edwards dorí rẹ̀ kodò. Òṣèré méjì, Scoot McNairy àti Whitney Able, tí wọ́n jẹ́ olólùfẹ́ ara wọn lóòótọ́ nígbà náà, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tí ọkọ̀ kan ṣoṣo gbà. Wọ́n gba Mexico, Guatemala, Belize àti Costa Rica, wọ́n tún dé Texas. Edwards fúnra rẹ̀ ló gbé kámẹ́rà. Ìwé eré tó ní ọ̀rọ̀ ẹnu nínú, kò sí. Ohun tó wà ni ìlà ìtàn, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ níbì kọ̀ọ̀kan. Ìyókù, kí ẹnu òṣèré máa wá a. Àwọn yòókù tí ẹ rí nínú fíìmù náà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ẹni tí wọ́n bá pàdé níbẹ̀: ẹni tó ń ta nǹkan, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá ṣe díẹ̀. Ibòmíràn, wọn ò tilẹ̀ gba àṣẹ kí wọ́n tó ya á. (Mi ò ní kí ẹ lọ ṣe bẹ́ẹ̀ o.)

Wọ́n dé Galveston ní Texas, níbi tí ìjì Ike ti ba ilé jẹ́ lọ́dún 2008. Ilé tó wó ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọkọ̀ ojú omi tó gun orí ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá á ná owó gọbọi kó tó fi igi àti ọ̀dà kọ́ irú ibẹ̀ yẹn. Edwards kàn ní kí àwọn òṣèré rẹ̀ rìn kọjá ni.

Ohun tí wọ́n kó délé lé ní ọgọ́rùn-ún wákàtí àwòrán. Wọ́n tò ó, wọ́n gé e, ó ṣì lé ní wákàtí mẹ́rin. Wọ́n tún gé e, ó di ìṣẹ́jú 94. Ìgbà yẹn, lẹ́yìn tí fíìmù ti wà nílẹ̀ bí ìtàn ènìyàn méjì tó ń rìnrìn àjò, ni Edwards padà sínú yàrá. Ó wá ń béèrè lọ́wọ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan pé, kí ni mo lè fi sínú rẹ yìí? Pátákó tí wọ́n fi ń polówó ọjà lẹ́bàá ọ̀nà, ó yí ohun tó wà lára rẹ̀ padà sí ìkìlọ̀ ìjọba. Àwọn òṣèré méjèèjì gun orí ilé òkúta kan tí àwọn Maya kọ́ láyé àtijọ́, wọ́n ń wo ọ̀kánkán. Edwards fi odi kan síbẹ̀, tó nà dé ibi tí ojú ò lè tó mọ́. Irú àwòrán tó ní VFX nínú bẹ́ẹ̀ tó 250, kò sì ju oṣù márùn-ún lọ tó fi ṣe gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú irú sọ́fúwìa tí ẹnikẹ́ni lè rà.

Ṣé ẹ rí i? Kò sí ìkankan nínú àwọn 250 yẹn tí wọ́n ṣe tí wọ́n wá gé dànù, torí pé ìgbà tí wọ́n ti gé fíìmù tán ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́n. Ohun tó ń jẹ owó nínú VFX nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹranko ṣòroó yà. Títún un yà ni, nígbà kẹta, nígbà karùn-ún, torí pé ẹni tó ní kẹ́ ẹ yà á kò tíì mọ ohun tó ń fẹ́. Ẹni tó ń ya á níhìn-ín àti ẹni tó ń fẹ́ ẹ, ẹnì kan náà ni wọ́n. Kò sí ìpàdé, kò sí lẹ́tà tó ń lọ tó ń bọ̀. Tí ẹsẹ̀ ẹranko bá ń fún un ní wàhálà, ó lè fi òkùnkùn bò ó, kó lọ sùn. Ta ló fẹ́ bi í?

Nínú ìdíje àwọn fíìmù olómìnira ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2010, òun ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ olùdarí tó dáńtọ́ jù.

Àsìkò náà sì dára fún irú rẹ̀. Hollywood ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọmọ VFX lè darí fíìmù. Neill Blomkamp, ọmọ Johannesburg tó ti fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ àwòrán ní Vancouver, gbé District 9 jáde lọ́dún 2009, wọ́n sì yàn án fún Oscar ní ẹ̀ka mẹ́rin, títí kan ti fíìmù tó dára jù. Lọ́dún yẹn kan náà, Fede Álvarez ní Uruguay gbé fíìmù kékeré kan tí kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún sórí YouTube, àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tó ń wó ìlú Montevideo palẹ̀. Ó ní $300 ni òun ná. Kò pẹ́ tí Hollywood fi pè é, ó sì di olùdarí Evil Dead tó jáde ní 2013. Nítorí náà nígbà tí Monsters dé, ilẹ̀kùn ti wà ní ṣíṣí díẹ̀.

Godzilla dé. Mo ti sọ iye owó rẹ̀. Ó pa lé ní mílíọ̀nù 500 dọ́là. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ọ̀nà tó gbà ṣe Monsters kò bá irú iṣẹ́ yìí rìn. Ilé-iṣẹ́ tó ń ná irú owó bẹ́ẹ̀ fẹ́ mọ ohun tí òun ń rà kí wọ́n tó tan kámẹ́rà. Ìtò àtijọ́ padà: ìwé, àwòrán, ilé èké, aṣọ aláwọ̀ ewé. Ọkùnrin tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń dá ṣe é wá di ẹni tí ọgọọgọ́rùn-ún ènìyàn ń dúró dè kó sọ̀rọ̀.

Rogue One tẹ̀lé e, ọdún 2016, nínú ayé Star Wars. Tó bá jẹ́ ti ìfẹ́ ọkàn, kò sí iṣẹ́ tó tún lè dùn mọ́ ọn jùyẹn lọ. Nígbà tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Tunisia kó lè fojú rí ibi tí wọ́n ti ya ilé Luke Skywalker, akọni inú Star Wars. Fíìmù náà pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ṣùgbọ́n kó tó jáde, wọ́n pe òǹkọ̀wé mìíràn, Tony Gilroy, kó wá bá wọn tún apá kan rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ rí, ó yé yín.

Ohun kékeré kan wà nínú iṣẹ́ Rogue One tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ VFX tó bá wọn ṣe é, Industrial Light & Magic, tí wọ́n ń pè ní ILM, rí i pé ọkùnrin yìí kì í lè pinnu àwòrán lórí ìwé. Ó gbọ́dọ̀ rìn yí nǹkan ká kó tó mọ ibi tí yóò dúró sí. Ni wọ́n bá fún un ní tábílẹ́ẹ̀tì kan tó dà bí fèrèsé: ogun ojú sánmà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe wà nínú rẹ̀, bí Edwards bá ń rìn nínú yàrá òfìfo, fèrèsé yẹn ń rìn pẹ̀lú rẹ̀ láàárín àwọn ọkọ̀ ogun. Ó ń dọdẹ àwòrán nínú ohun tí kò sí níbì kankan. Ọmọ inú yàrá yẹn ṣì wà láàyè.

Lẹ́yìn Rogue One, ọdún méje kọjá kí fíìmù mìíràn tó darí tó jáde.

The Creator ni, ọdún 2023, mílíọ̀nù 80 dọ́là. Tẹ́ ẹ bá ti wò ó, ẹ mọ̀ pé kò jọ fíìmù mílíọ̀nù 80. Ó jọ ìlọ́po méjì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé ìtò Monsters tọ ILM lọ. Kí ilé-iṣẹ́ tó fọwọ́ sí i, òun àti èèyàn díẹ̀ gbé kámẹ́rà kan àti lẹ́ǹsì àtijọ́ kan, wọ́n rìn káàkiri àwọn ilẹ̀ Éṣíà, wọ́n ń ya ohunkóhun tó bá wù wọ́n. ILM fi VFX sí díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyẹn ló fi hàn àwọn olówó.

Kámẹ́rà tí wọ́n wá fi ya fíìmù náà ni Sony FX3. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ó ya àwọn èèyàn lẹ́nu gan-an: kámẹ́rà náà kò ju bíi $4,000 lọ lọ́jà nígbà náà. Àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó ń rà á. Kì í ṣe torí owó nìkan ni wọ́n ṣe mú un o. Kámẹ́rà yẹn ń ríran nínú ibi tí iná ò ti pọ̀, nítorí náà wọn ò nílò àwọn iná ńlá tó máa ń gba ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹnì kan kàn máa ń gbé iná kékeré kan sórí ọ̀pá, á máa tẹ̀lé òṣèré kiri. Bí òṣèré bá ya sí òsì, iná yà sí òsì. Edwards, tí kámẹ́rà wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, lè máa ya wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láìdúró.

Tí òṣìṣẹ́ bá ti kéré, ìṣirò owó máa ń yí padà. Ó wọ́n gan-an láti kó ọgọọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ sí Nepal. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àwọn díẹ̀ lẹ kó lọ, owó ọkọ̀ òfuurufú á kéré sí owó tẹ́ ẹ máa fi kọ́ Nepal èké sínú ilé ní London. Bí wọ́n ṣe ya Thailand, Vietnam, Cambodia, Indonesia, Nepal àti Japan nìyẹn.

Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n gé fíìmù tán, tí àwọn ayàwòrán wá ń ya ayé ọjọ́ iwájú lé orí àwòrán tó ti wà nílẹ̀. Òkè gidi, wọ́n gbé ilé ràgàjì kan lé e lórí. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan jẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì, wọ́n ní ihò gbàràmù gba etí kọjá sí etí. Nígbà tí wọ́n ń ya wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ bóyá ènìyàn ni wọ́n àbí rọ́bọ́ọ̀tì. Ìgbà tí wọ́n jókòó ti kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń mú wọn: ìyá yìí, rọ́bọ́ọ̀tì ni, bàbá yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi dà bí ẹni tó wà láàyè nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ṣe bíi rọ́bọ́ọ̀tì.

Ká sọ òótọ́, ìtàn fíìmù náà kò tó ojú rẹ̀. Ẹ̀mí mi yọ̀ sí gbogbo àwòrán inú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó parí, kò sí ẹni kankan nínú rẹ̀ tí mo ṣàárò. Owó tó pa lágbàáyé lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 100 dọ́là. Tẹ́ ẹ bá yọ ìpín àwọn ilé sinimá àti owó ìpolówó, èrè ò sí níbẹ̀.

Àmọ́ wọ́n yàn án fún Oscar ti VFX. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ṣí ìwé náà. Ta ló jáwé olúborí? Godzilla.

Kì í ṣe ti Edwards o. Èyí tí àwọn ará Japan fúnra wọn ṣe ni, Godzilla Minus One. Takashi Yamazaki ló darí rẹ̀, òun náà ló tún jẹ́ ọ̀gá VFX rẹ̀. Láti 1986 ló ti wà nílé-iṣẹ́ VFX kan tó ń jẹ́ Shirogumi. Ayàwòrán 35 péré ló ṣe àwòrán VFX 610 tó wà nínú fíìmù náà. Wọ́n ní gbogbo owó fíìmù ọ̀hún kò tó mílíọ̀nù 15 dọ́là. Nígbà tí wọ́n bi Yamazaki, ó ní òun ì bá fẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó ère Godzilla kéékèèké dání gun orí pèpéle. Ṣáájú rẹ̀, olùdarí kan ṣoṣo ló ti gba Oscar ti VFX rí, ìyẹn Stanley Kubrick, lọ́dún 1969.

Yamazaki kì í kọ́kọ́ yà á ná bíi ti Edwards. Tirẹ̀ ni pé òun àti àwọn ayàwòrán rẹ̀ jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Ẹni tó bá parí nǹkan, olùdarí wà nítòsí tó máa wò ó, ó sì mọ iṣẹ́ náà dójú àmì, nítorí náà ìdáhùn kì í pẹ́. Ọ̀dọ́ kan wà láàárín wọn, Tatsuji Nojima, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe omi òkun fún ara rẹ̀, bí eré lásán. Yamazaki rí i. Omi náà dára débi pé ìran orí òkun pọ̀ sí i nínú fíìmù. Nojima wà lára àwọn mẹ́rin tó gba Oscar yẹn.

Edwards ní tirẹ̀ ti gba iṣẹ́ tó kàn kó tó di alẹ́ ọjọ́ yẹn: Jurassic World Rebirth. Ìwé eré ti wà nílẹ̀, David Koepp ti kọ ọ́. Ọjọ́ tí fíìmù máa jáde, oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti mú un kí wọ́n tó mú olùdarí. Ó ya á ní Thailand, ní Malta àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó jáde lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ó sì pa ju mílíọ̀nù 800 dọ́là lọ.